Ohun Tí Mo Fẹ́ Fi Ẹsẹ̀ Mi Ṣe

Gonin Gora, Kaduna
7 Oṣù Kejì, 2021

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Òtútù Leicester ńkọ́, ṣé o ti ra ẹ̀wù tó nípọn? Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Ọyẹ́ ọdún yìí gbẹ ètè wa, ṣùgbọ́n ó ti ń palẹ̀ mọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sórí ímeèlì ni pé bàbá rẹ máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ lórí fóònù. Bí mo tilẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ilé, wọ́n á tún béèrè ohun tí a jọ sọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba, ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè ò tó nǹkan. O sọ pé wọ́n ti gbé ọ kúrò nídìí ìnulẹ̀ ní ilé ìdárayá yẹn, pé ìwọ náà ti di ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn. Kọ́ èmi náà. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Bí mo bá gun òkè kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ńṣe ni mo máa ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ajá tí oòrùn pa. Kọ èyí tó bá yẹ mí sílẹ̀, kí o sì kọ ọ́ ní Yorùbá tó yé èèyàn.

O ní o ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì tó kọjá. A sè, a dúró. Kì í ṣe ìjà ni mo ń bá ọ jà, mo kàn ní kí o mọ̀ pé a dúró ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dinah


Leicester
10 Oṣù Kejì, 2021

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ kú ìfaradà. Inú mi dùn nígbà tí mo rí lẹ́tà yín tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà á fún ẹni tí a jọ ń gbélé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ Kérésìmesì. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Bí mo bá jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti sú yín.

Ẹ wò ó, bí ẹnikẹ́ni bá wọlé tọ̀ wá wá níbi iṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń bi í ni pé, kí lẹ fẹ́ kí ara yín lè ṣe? Ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá ara kù, tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó fẹ́ lè gbé ẹrù wúwo. Ẹni tí dókítà ní kó tọ́jú ọkàn rẹ̀, tiẹ̀ tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo ohun tí aládùúgbò ń ṣe, wọ́n á gbé e bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn oṣù kan wọ́n á ní eré ìdárayá ò dára. Kò burú, tiwọn kọ́ ni.

Ẹ̀yin ò sọ ohun tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ọgọ́ta ọdún yín ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá, ẹ sì ráhùn sí mi lọ́dún tó kọjá pé súwẹ́tà àti síkẹ́ẹ̀tì yín ò gbà yín mọ́. Nítorí náà, ogún ìṣẹ́jú ni kí ẹ máa fi jó láràárọ̀ pẹ̀lú orin tó yá, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè dáadáa. Ẹ dín búrẹ́dì kù, ẹ dín ṣúgà inú tíì kù, kí oúnjẹ alẹ́ yín má pọ̀. Ẹ máa wọn ìbàdí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ óò rẹ́rìn-ín tó bá máa fi tó oṣù mẹ́ta.

Ẹ bá mi kí Bàbá.

Ọmọ yín,
Olúwatìmílẹ́yìn


Gonin Gora, Kaduna
6 Oṣù Kẹta, 2021

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ níbẹ̀ o. Mo rí ohun tí o kọ, mo sì ṣe é. Mo jó títí bàbá rẹ fi béèrè bóyá ẹ̀mí kan ló bà lé mi. Síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù ti ń gbà mí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ohun tí mo béèrè kọ́ nìyí, àṣìṣe náà sì wà lọ́wọ́ mi nítorí pé mi ò là á yé ọ.

Ṣé o rántí Mama David, aládùúgbò wa tó ń ta kúnú? Ilé tiwọn ló gbẹ̀yìn pátápátá, tó kọjú sí igbó. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ajínigbé wọlé wọn lọ́sàn-án gangan, wọ́n mú òun àti àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin. Mi ò sọ fún ọ nígbà náà torí mo mọ̀ pé o ò ní sùn. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò kó tó dé. Òun nìkan ló dé.

Ó máa ń wá jókòó tì mí tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà. Kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣáá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Hausa, ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀wà. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn kí wọ́n tó dúró, orí àpáta, inú ẹ̀gún, bàtà sílípáàsì rẹ̀ já lọ́jọ́ kìíní. Ó ní wọ́n gbé ẹrù oúnjẹ lé wọn lórí. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ ìró ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn lóṣòó sábẹ́ igi fún wákàtí méjì, kí ẹnikẹ́ni má mira. Àbúrò ọkọ rẹ̀ sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó wá sọ fún mi pé:

“Mama Tìmí, ìbọn kọ́ ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni. Ẹni tí ò bá lè rìn mọ́, wọ́n á ní kó jókòó, àwọn tó kù á sì máa lọ.”

Mo gbé ẹ̀wà wọlé, mi ò lè sè é.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa ń bi àwọn èèyàn, mo ti ní èsì rẹ̀. Mo fẹ́ lè rìn fún ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo fẹ́ lè lóṣòó pẹ́ kí n sì dìde. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n máa ní kó jókòó, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí bàbá rẹ máa dúró dè. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi ṣe nìyẹn. Ṣé ó ní èyí tó bá a mu nínú ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn òyìnbó?

Má sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ,
Dinah


Leicester
7 Oṣù Kẹta, 2021

Màámi,

Mo kí yín. Mi ò lè kí yín gùn.

Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́, tàbí kí ẹ wá yàrá kan sí Ungwan Dosa, níbi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín kan wà. Ilé kọ́ ni ẹ̀mí.

Mo lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà yín. Obìnrin kan bíi ọjọ́ orí yín wọlé wá, ó ní òun fẹ́ kí ikùn òun wọlé kí ooru tó dé torí òun ń lọ sí etí òkun. Mo dúró, mo ń wò ó. Ọ̀gá mi ní kí n lọ mu omi.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ẹ ò ní lọ kí Bàbá tó lọ. Nítorí náà mo kọ ọ́, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a lò ó.

Ẹ fi ijó sílẹ̀. Ẹ jẹun yín bó ṣe yẹ, ẹ má dín in kù mọ́. Ẹni tó ń lọ sírú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nǹkan lára. Ẹ máa rìn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ogójì ìṣẹ́jú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń kọ́ orúnkún ju gígùn lọ. Bí kò bá pa yín lára mọ́, ẹ di ìrẹsì sínú báàgì, kó má wúwo ju odindi adìyẹ kan lọ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ẹrù, ẹ sinmi lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ẹ máa fi sílípáàsì rìn nígbà mìíràn kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín lè le. Bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà, ẹ lóṣòó dípò kí ẹ jókòó sórí àpótí, ìṣẹ́jú méjì, kó di márùn-ún, kó di mẹ́wàá.

Mi ò lè kọ́ yín bí èèyàn ṣe ń gbé láìmu omi. Ẹ má dán an wò.

Mi ò rò pé màá kọ irú èyí fún ìyá mi láéláé.

Tìmílẹ́yìn


Gonin Gora, Kaduna
18 Oṣù Kẹrin, 2021

Tìmílẹ́yìn,

Mo kí ọ. O ti ba nǹkan jẹ́.

Mo ní kí o má sọ ọ́ fún bàbá rẹ. O pè wọ́n lọ́jọ́ Àjíǹde, o ní kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde nínú ilé tí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́, o tún wá sọ fún wọn pé èmi gan-an ń múra sílẹ̀ de àwọn ajínigbé. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wá bá mi ní kíṣìnnì. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Dinah, ṣé o ti ń rin ìrìn àjò tí wọn ò tíì pè ọ́ sí?” Wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò sì jẹun lọ́jọ́ kejì.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá di báàgì ìrẹsì mọ́ ẹ̀yìn láàárọ̀, wọ́n á yíjú sí ògiri. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká jọ máa rìn, ká tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà márosẹ̀ nìkan. Wọ́n ní àwọn ti rìn tàwọn.

Bí o bá fẹ́ mọ̀, ẹ̀kọ́ rẹ ń ṣiṣẹ́. Mo ń gun òkè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìdúró. Mo ń gbé ìdajì àpò kékeré. Àwọn sójà tó wà ní ibi àyẹ̀wò ọkọ̀ ti mọ̀ mí, “Mama, sannu da ƙoƙari,” wọ́n á kí mi kú ìgbìyànjú, wọ́n rò pé ẹrù ọjà ni mo gbé. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi í ṣe bí ẹni tí a jọ ń gbé ò bá lè tẹ̀ lé mi?

Má pè wọ́n. Jẹ́ kó rọlẹ̀.

Dinah


Gonin Gora
21 Oṣù Kẹrin, 2021

Olúwatìmílẹ́yìn,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ ò mọ̀ pé mò ń kọ ìwé yìí. Ó jọ pé bí a ṣe ń gbé nínú ilé yìí nìyẹn báyìí.

Ọmọ kì í tẹ bàbá rẹ̀ láago láti òkè òkun kó ní kó kó ẹrù jáde nílé tó kọ́. O ò burú, ṣùgbọ́n o ò gbọ́n. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ilẹ̀ fún ìjọba, láti Kachia títí dé Birnin Gwari. Kò sí igbó tí o ń fi dẹ́rù bà mí tí n kò fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ nígbà tí o wà ní ìkókó. Ní ọdún 2000, nígbà tí wọ́n ń pa ara wọn nítorí ẹ̀sìn, mo sá kúrò ní Tudun Wada pẹ̀lú aṣọ ọrùn mi, ìyá rẹ gbé ọ pọ̀n. Wọ́n ní apá ìhín ni ààbò wà. Mo wá síhìn-ín. Ibo ni kí n tún sá lọ? Ilé bàbá mi ní Ogbómọ̀ṣọ́ ti wó lápá kan, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà ní apá kejì. Àlejò ni màá jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkùnrin ń sá.

Èyí tán. Ohun kan kù.

Dókítà ní eegun orúnkún mi méjèèjì ti jẹ. Bí mo bá jókòó, mi ò lè dìde láìdi nǹkan mú. Ìyá rẹ ò mọ bó ṣe le tó, torí mo máa ń dúró kó jáde kí n tó dìde. Bó bá ń gun òkè yẹn láàárọ̀, mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé. Ó ń gùn ún bí ọmọge.

Nínú ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn èèyàn, ṣé ó ní èyí tí èèyàn lè ṣe ní ìjókòó? Mi ò fẹ́ gun òkè. Mi ò fẹ́ rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kàn fẹ́ lè dìde fúnra mi. Bó bá wà, kọ ọ́ sí mi. Má kọ ọ́ sí ìyá rẹ.

Bàbá rẹ,
Japhet


Gonin Gora, Kaduna
16 Oṣù Karùn-ún, 2021

Tìmílẹ́yìn,

Ṣé o wà? Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Bàbá rẹ ti háyà àwọn tó máa kọ ebè àgbàdo.

Kí ló wà láàárín ìwọ àti bàbá rẹ? Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé fóònù, wọ́n á fi gíláàsì wọn sójú, wọ́n á wò ó, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń retí. Wọ́n ní kò sí. Bí o bá ṣẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, dá wọn lóhùn.

Ìyá rẹ


Leicester
29 Oṣù Karùn-ún, 2021

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, inú ṣì ń bí mi torí ohun tí ẹ kọ. Lẹ́yìn náà mo bi Huda, ọ̀kan nínú wa níbi iṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tí oríkèé ń dùn, ó ní kí n kọ́kọ́ gba fọ́tò eegun yín tí dókítà yà. Mo ní màá kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́la. Ọ̀la ń di ọ̀la. Kò sí ìdí gidi kan, Bàbá. Mo kàn fi í sílẹ̀ ni.

Ó wà, èyí tí èèyàn lè ṣe ní ìjókòó. Ẹ jókòó sórí àga tó ní apá. Ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú gbọọrọ, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ na èkejì. Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ orúnkún yín tí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fún ti dídìde, ẹ to tìmùtìmù mẹ́ta lé àga kí ó ga, ẹ dìde láti orí rẹ̀, ẹ jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ yọ tìmùtìmù kan. Bó bá gún yín bí ọ̀bẹ, ẹ dáwọ́ dúró.

Kò ní dá eegun tó ti jẹ padà. Ó lè tó oṣù méjì kí ẹ tó lè dìde láìdi nǹkan mú. Ṣùgbọ́n ẹ óò dìde.

Mi ò ní sọ ọ́ fún Màámi. Màá pè yín lọ́la lẹ́yìn ìsìn.

Ọmọ yín,
Olúwatìmílẹ́yìn


Gonin Gora, Kaduna
3 Oṣù Kẹfà, 2021

Tìmílẹ́yìn,

Mo mọ̀ pé o ò gbọ́ ìdajì ohun tí mo sọ lórí fóònù, torí àwa méjèèjì la jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Jẹ́ kí n kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, aago mẹ́fà ni bàbá rẹ jáde lọ sóko. Ọ̀kadà ló máa ń gbé wọn débẹ̀, wọ́n á jókòó sí etí oko, wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọ ebè. Waliyullah, ọmọ Ìlọrin tó ń wá láti Ungwan Dosa, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, wà níbẹ̀ náà. Nígbà tó máa fi di aago méje, àwọn ajínigbé jáde láti inú odò gbígbẹ. Àwọn tó lè sáré sáré. Ẹni tó sá dé ọ̀dọ̀ mi ní òun wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ ṣì wà lórí àpótí, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Wọ́n gbàgbé fóònù wọn sílé, níbi tí wọ́n ti fi í gba iná. Ní aago mẹ́wàá ó dún. Mo sáré gbé e, mo rò pé àwọn tó mú wọn ló ń kọ̀wé. Orúkọ rẹ ni mo rí. Mo ka ohun tí o kọ, mo wá ka ohun tí bàbá rẹ náà kọ sí ọ.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì la ti jọ wà, Tìmílẹ́yìn. Wọ́n ń dúró kí n jáde kí wọ́n tó dìde. Èmi sì ń di ìrẹsì mọ́ ẹ̀yìn, mo ń kọjá níwájú wọn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Àwọn ajínigbé ti pè wá, wọ́n ti dárúkọ owó tí wọ́n fẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ń kó o jọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ohùn bàbá rẹ. Wọ́n ní kò sí nítòsí.

Dinah


Leicester
20 Oṣù Kẹfà, 2021

Màámi,

Mi ò mọ bí mo ṣe lè kí yín.

Mo ti fi gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ bá agbẹjọ́rò, mo ní mo fẹ́ wá sílé. Ó ní kí n má tàn ara mi, bí mo bá jáde, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Mo ní kó tì. Ó ní, “Tó o bá délé, kí lo máa ṣe?”

Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi kọ lẹ́tà yẹn sí Bàbá. Ogún ìṣẹ́jú péré.

Tìmílẹ́yìn


Gonin Gora, Kaduna
22 Oṣù Kẹjọ, 2021

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi,

Mo kí ọ. Jókòó kí o tó ka èyí.

Wọ́n ti gbé ohun tí àwọn ajínigbé béèrè lọ fún wọn. Wọ́n dá èèyàn mẹ́rin sílẹ̀. Bàbá rẹ ò sí nínú wọn. Waliyullah wà níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló wá sọ́dọ̀ mi, àwọn ẹbí rẹ̀ ló dì í mú wọlé. Bí wọn ò bá dárúkọ rẹ̀, mi ò bá tí mọ̀ ọ́n.

Ó ní lọ́jọ́ kìíní, wọ́n gbé bàbá rẹ sẹ́yìn alùpùpù kan títí ọ̀nà fi dópin. Láti ibẹ̀, òun àti ọkùnrin kan ló ń tì wọ́n lábíyá. Bàbá rẹ ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe wàhálà. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí ọ̀sán, wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè kan, bàbá rẹ ní àwọn fẹ́ jókòó. Waliyullah ní òun á gbé wọn pọ̀n. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n ní:

“Wálíyù, mo mọ òkè yìí. Mo ti wọ̀n ọ́n rí. Máa lọ.”

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ìbọn dúró tì wọ́n. Wọ́n lé àwọn tó kù lọ. Waliyullah ní òun ò gbọ́ ìró ìbọn. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin tó dúró yẹn ti bá wọn, òun nìkan. Mo bi Waliyullah pé báwo ni ojú ọkùnrin náà ṣe rí. Ó ní òun ò lè wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, mo ní kó jẹ ìrẹsì tí mo bù fún un.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní sai haƙuri, kí n ṣe sùúrù. Pásítọ̀ ní kí a ṣe ìsìn ìkẹyìn. Mo ní ta ló rí òkú?

Ìyá rẹ


Leicester
3 Oṣù Kẹwàá, 2021

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò ní Gonin Gora. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

Wọ́n ti kọ̀ láti fún mi ní ìwé ìgbélùú. A ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, agbẹjọ́rò ní ó lè tó ọdún méjì, kí n má sì fi ọkàn sí i. Mo ti padà sídìí ìnulẹ̀ ní ilé ìdárayá. Èmi ni mo ní kí wọ́n dá mi padà síbẹ̀. Bí èèyàn bá wọlé, tó sì yẹ kí n bi í pé kí ló fẹ́ kí ara rẹ̀ lè ṣe, ọ̀rọ̀ náà ò jáde lẹ́nu mi mọ́.

Ẹ tilẹ̀ bú mi. Ẹ ò bú mi rí láti ìgbà yẹn, ìyẹn gan-an ló ń pa mí.

Tìmílẹ́yìn


Ungwan Dosa, Kaduna
16 Oṣù Kìíní, 2022

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi,

O kú ọdún o. Mo rí àwọn lẹ́tà rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe pé mò ń bínú. Bí mo bá ti jókòó láti kọ ọ́, n kì í rí ohun tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ti kúrò níbẹ̀. Tósìn tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ló fún mi ní yàrá kan nílé rẹ̀. Ilé bàbá rẹ wà ní títì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé inú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mama David àti ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Kafanchan. Ní oṣù Kejìlá mo gbà kí wọ́n ṣe ìsìn náà. Fọ́tò ni a gbé síwájú pẹpẹ. Gbogbo èèyàn ní mo ṣe ọkàn akin. Ọgọ́ta ọdún mi ti kọjá, mi ò rántí àfi nígbà tí o kí mi.

O ní kí n bú ọ. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi bú ọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí o fi jáfara, mo mọ̀ pé oṣù méjì ni ẹ̀kọ́ yẹn ì bá gbà kó tó mú wọn dìde lórí àga. Kì bá tí mú wọn gun òkè. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Má retí pé kí èyí tù ọ́ nínú, torí kò tu èmi náà nínú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tósìn fi dandan mú mi lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní mi ò jẹun dáadáa. Dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wò mí, wọ́n ń pè é ní Bilqees. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó gbọ́ àyà mi, ó tún un gbọ́. Ó ní kí n gun àtẹ̀gùn ilé náà dókè, kí n sọ̀kalẹ̀ padà, ó wá tún àyà mi gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rẹ́rìn-ín. Ó béèrè irú eré ìdárayá tí mò ń ṣe, torí òun fẹ́ kí ìyá òun náà máa ṣe é. Mo ní ìrìn lásán ni.

Ó ní kí n máa bá a lọ. Ó ní ọkàn mi àti ẹsẹ̀ mi dà bíi ti ẹni ogójì ọdún, pé bí mo ṣe wà yìí, mo ṣì lè lo ọgbọ̀n ọdún sí i láyé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jáde, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ibẹ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dinah